Ibi Tí Àkókò Ń Gbà Lọ Nínú Ilé Iṣẹ́ Ìpara

Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún ni ara máa ń kan àwọn tó ń ṣe ìpara àti ọṣẹ jù lọ ní Èkó, Ìbàdàn àti Ọ̀tà. Ọyẹ́ ti ń bọ̀, ara á máa gbẹ, ètè á máa ya. Kérésìmesì ń bọ̀, ìgbéyàwó á sì pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Oníṣòwò ńlá kan á pe ilé iṣẹ́ lórí fóònù nínú oṣù October pé òun fẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ike ìpara, pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí November tó parí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á ní kí òṣìṣẹ́ máa sun ibi iṣẹ́, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, kí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò sì yára. Lójú tèmi, ibi tí àkókò kò sí ni wọ́n ti ń wá a. Ẹ̀rọ kọ́ ló ń jẹ ọjọ́ nínú iṣẹ́ ìpara, ìdúró ni. Ìdúró yìí sì pín sí oríṣi méjì: ọ̀kan ń dáàbò bo ẹni tó máa fi ìpara náà para, èkejì kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì lè pa àdéhùn mọ́ láìpa oníbàárà lára. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìdúró tó wúlò ló máa gé, torí pé òun ló wà nítòsí ọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìkòkò ìpara kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpara olómi tí a ń lò lẹ́yìn ìwẹ̀ kò ju omi àti òróró tí wọ́n fipá so pọ̀ lọ. Wọ́n á gbé omi kaná lọ́tọ̀. Wọ́n á gbé òróró, òrí àti èròjà tó ń so òróró mọ́ omi kaná lọ́tọ̀, títí méjèèjì á fi gbóná tó nǹkan bí 70 sí 75 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n á wá da ọ̀kan sínú èkejì, ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá á sì máa lù ú títí á fi funfun, tí á sì ki. Ìyẹn kì í pẹ́. Títutù ló ń pẹ́. Bó ṣe ń tutù ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa rò ó jẹ́jẹ́, nítorí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láìrò, ó lè di kókó, tàbí kí omi yà kúrò lára òróró. Ìgbà tó bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 40 ni wọ́n tó máa fi òórùn dídùn sí i, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, torí pé ooru máa ń lé òórùn lọ, ó sì ń sọ àwọn kan nínú èròjà wọ̀nyẹn di aláìlágbára. Ẹni tó bá kánjú da lọ́fíńdà sínú ìkòkò tó ṣì gbóná ti da owó sáfẹ́fẹ́. Bí iná bá lọ nígbà tí ìtutù ń lọ lọ́wọ́, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbà á, odindi ìkòkò lè di ohun ìdànù. Ìdí nìyẹn tí dísẹ́ẹ̀lì fi gbọ́dọ̀ wà nínú ètò àkókò ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí náà, ìkòkò kan tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ sábà máa ń parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Rírọ ọ́ sínú ike lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì sí i.

Ọjọ́ tó pọ̀ wà lẹ́yìn ìkòkò. Wọ́n á bu díẹ̀ nínú ìpara náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú àwo pẹlẹbẹ tó ní oúnjẹ tí kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn, wọ́n á sì gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bakitéríà nílò nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó hù débi tí ojú á fi lè kà á. Ìwúkàrà àti irú olú tó ń mú kí búrẹ́dì bu lè gba ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Òdiwọ̀n àgbáyé sọ pé kí kòkòrò tó wà nínú gíráàmù kan ìpara má ju 1,000 lọ. Bó bá jẹ́ ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tàbí ohun tí a ń fi kun ìpéǹpéjú, kó má ju 100 lọ. Kò sí owó tí ọ̀gá lè san tí àwọn kòkòrò wọ̀nyí á fi yára hù nínú àwo. Bí wọ́n bá kó ọjà jáde lọ́jọ́ kejì, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti yára ṣe àyẹ̀wò. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn kò ṣe é.

Bí ìpara bá jẹ́ tuntun, ìyẹn bí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìdúró mìíràn tún wà. Wọ́n á dìídì da kòkòrò sínú rẹ̀: Staphylococcus aureus, Pseudomonas aeruginosa, E. coli, Candida albicans àti Aspergillus brasiliensis. Wọ́n á wá máa kà wọ́n lọ́jọ́ keje, lọ́jọ́ kẹrìnlá àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, láti mọ̀ bóyá èròjà tó wà nínú ìpara náà lágbára láti pa wọ́n. Ó lè dà bíi pé àṣejù ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń lo ìpara nílé: ike náà wà ní ṣíṣí nínú balùwẹ̀ tó kún fún èéfín omi gbígbóná, a fi ọwọ́ tútù bọ inú rẹ̀ láàárọ̀, ọmọ fi tirẹ̀ bọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, àlejò náà sì tọrọ díẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́rin ni èyí á fi máa ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Kòkòrò tí ilé iṣẹ́ dà sínú ìpara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dúró fún èyí tí ìdílé kan á máa fi ìka dà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gbé ìpara tuntun síbi tó gbóná tó 40 Celsius fún oṣù mẹ́ta, láti wò ó bóyá á yà, bóyá àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, bóyá ike máa wú. Lọ́dọ̀ tiwa, níbi tí ọjà ti lè jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù lábẹ́ oòrùn February, àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba, nítorí pé gbogbo ayé ló ń kánjú lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ 15 oṣù March ọdún náà, LVMH ti ilẹ̀ Faransé, tó ni Dior, Givenchy àti Guerlain, kéde pé àwọn ilé iṣẹ́ lọ́fíńdà òun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìpa-kòkòrò fún ọwọ́, kí wọ́n lè pín in fún àwọn ilé ìwòsàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yin ìyára yẹn, ó sì yẹ fún ìyìn, àmọ́ ó tọ́ ká béèrè ibi tó ti wá. Ethanol tí wọ́n fi ń ṣe lọ́fíńdà ti wà nínú àgbá. Ìgò àti pọ́ńpù tí wọ́n ń lò fún ọṣẹ olómi ti wà nínú ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan, bí a ṣe ń rọ ọ́, bí a ṣe ń dé e. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe pàápàá kò lọ́jú pọ̀. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé kalẹ̀, ethanol kó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, glycerol 1.45, hydrogen peroxide 0.125, omi sì ni ìyókù. Nínú ìlànà yẹn kan náà ni gbólóhùn kan wà tó yẹ kí gbogbo onílé iṣẹ́ kọ sára ògiri: lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ sínú ìgò tán, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí 72 kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, kí ohun tó bá sá pamọ́ sínú ọtí tàbí ìgò lè kú. Àjàkálẹ̀ àrùn ń pa èèyàn lọ nígbà tí ìlànà yìí wúlò jù lọ, síbẹ̀ wọn kò yọ ọjọ́ mẹ́ta yẹn kúrò.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Nínú oṣù June ọdún yẹn kan náà, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún aráàlú nípa àwọn ohun ìpa-kòkòrò ọwọ́ kan tí wọ́n ṣe ní Mẹ́síkò, nítorí pé methanol wà nínú wọn. Májèlé ni methanol. Ó ń fọ́ ojú, ó sì ń pa ènìyàn. Ní ìpínlẹ̀ Arizona àti New Mexico, láàárín May àti June, èèyàn 15 tó mu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Mẹ́rin kú, ojú àwọn mẹ́ta sì bàjẹ́. Lóòótọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mu ún. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí methanol wà nínú rẹ̀ náà. Àyẹ̀wò ohun tí wọ́n ń rà wọlé ló lè fi methanol hàn yàtọ̀ sí ethanol, torí pé ojú àti imú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. A mọ irú rẹ̀ nílé. Láti ìparí 2008 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2009, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó lé ní ọgọ́rin kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn eyín híhù tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Oògùn ni ìyẹn, kì í ṣe ìpara, àmọ́ propylene glycol tó yẹ kó wà nínú àgbá yẹn wọ́pọ̀ gidigidi nínú ìpara àti ọṣẹ olómi lónìí. Àgbá tó dé láàárọ̀ tí wọ́n ṣí lọ́sàn-án nítorí pé ọjọ́ ti lọ: ibẹ̀ gan-an ni ìkánjú ti lè di ikú.

Níbo wá ni ká ti rí àkókò tí a lè gé? Lákọ̀ọ́kọ́, nínú ike. Ó lè jọni lójú, ṣùgbọ́n ìpara tó ti tutù, tó ti yege àyẹ̀wò, sábà máa ń jókòó sínú àgbá nítorí pé ìdérí kò tíì dé. Láti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ ike àti pọ́ńpù ti ń wá. Ọkọ̀ ojú omi lè lo oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òkun, ká tó sọ ti ọjọ́ tí kọ̀ńténà máa lò ní Àpápá. Tẹ̀ lé ìyẹn ni lébẹ́lì. Lórí lébẹ́lì ni orúkọ ọjà, àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà tí NAFDAC (àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà) fún un, nọ́ńbà ìkòkò, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́ gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹyọ kan bá ṣì, gbogbo rẹ̀ padà sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Àwòrán lébẹ́lì náà lè wà lórí tábìlì ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó buwọ́ lù ú. Ìdúró tí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni rèé. Igi gańgan-ran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹni tó mọ̀ pé ọyẹ́ á dé ní December gbọ́dọ̀ ti ra ike ní June, kó sì ti parí ìwé NAFDAC kí ó tó sọ̀rọ̀ iye owó pẹ̀lú oníbàárà.

Lẹ́yìn ike, ìtò iṣẹ́. Láti inú ìpara kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ìkòkò, páìpù àti ẹ̀rọ ìrọ̀sínú-ike, kí òórùn àti àwọ̀ ti àkọ́kọ́ má bàa dé inú ti èkejì. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣe aláwọ̀ osùn ní Monday, funfun tí kò lóòórùn ní Tuesday, tó tún padà sí olóòórùn líle ní Wednesday, fífọ ló fi ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe. Bó bá to wọ́n láti orí èyí tí kò lóòórùn bọ́ sórí èyí tó lóòórùn jù, láti orí funfun dé orí aláwọ̀ dúdú, fífọ náà á rọrùn, á sì dín kù. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó ya ni lẹ́nu bí àwọn tó ń ṣe é ṣe kéré tó.

Ọgbọ́n tó ga ju gbogbo wọn lọ ni ti àwọn ará Kòríà. Kolmar Korea, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, àti Cosmax, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ń ṣe ìpara fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tó máa fi orúkọ tiwọn tà á. Ìyára wọn ti di òkìkí, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ìkòkò tiwọn ń yára tutù ju tiwa lọ. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpara ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti gbé kalẹ̀, tí wọ́n sì ti mọ ìwà rẹ̀ kí oníbàárà tó kan ìlẹ̀kùn. Oníbàárà á yan ọ̀kan, á yan òórùn, á yan ike. Bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń ṣe náà nìyẹn: ata ti dín sílẹ̀ láti ìdájí, ohun tó kù nígbà tí oníbàárà bá jókòó ni kó bu ú, kó fi ẹran tó bá fẹ́ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tiwa lè ṣe èyí. Dípò ìpara méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀, kí wọ́n ní mẹ́ta tó ti yege àyẹ̀wò ọjọ́ 28 àti ti oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì fi òórùn àti ike yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí òórùn bá yí padà, àyẹ̀wò díẹ̀ á ṣì kù, torí pé lọ́fíńdà pàápàá lè mú kí ìpara yà, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ibì kan wà tí ìyára gan-an ti jẹ́ iṣẹ́ rere. Òrí tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kó tutù díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, máa ń di hóró-hóró bíi yanrìn lábẹ́ ìka, nítorí pé apá kan nínú ọ̀rá rẹ̀ á ṣáájú èkejì dì. Ẹni tó bá tètè mú un tutù á rí i pé ó dán, ó sì rọ̀. Òrí kan náà yìí tún ní àsìkò tirẹ̀: láti nǹkan bí May sí August ni èso emi ń já bọ́ ní àwọn ìlú òkè bíi Ṣakí àti ní ìpínlẹ̀ Kwara àti Niger. Oníṣẹ́ ìpara tó bá ń wá òrí káàkiri ní November ti pẹ́ lójú ọ̀nà.

Wọ́n á bi mí pé owó dà? Ike tí wọ́n rà ní June jẹ́ owó tó jókòó sínú páálí títí di December, owó kò sì rọrùn láti yá. Ní November 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìpìlẹ̀ èlé dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò sì máa ń ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ní kí wọ́n kó pamọ́. Ohun tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá nìkan, àti ohun tí ọjà púpọ̀ ń lò pọ̀, ló yẹ kó ṣáájú. Bí ìpara mẹ́ta bá ń lo irú ike kan náà, ike ẹgbẹ̀rún márùn-ún kò ní di òkú ọjà bí ọ̀kan nínú wọn kò bá tà. Lébẹ́lì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ṣómólú kò ní láti wà nílẹ̀ ní June. Àwòrán rẹ̀ tí gbogbo ẹni tó yẹ ti buwọ́ lù ló ní láti wà. Ẹ jẹ́ ká tún fi èlé yẹn wé iye tí odindi ìkòkò máa ná ni bó bá padà wálé láti ọjà nítorí pé ó ti ń rùn.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ìyá wa àgbà ṣe àdí, òrí àti ọṣẹ dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí yàrá àyẹ̀wò kankan, tí ara wa sì ń dán. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ sì wà. Kò sí omi nínú àdí tàbí òrí tí wọ́n sè dáadáa, kòkòrò àìfojúrí kò sì lè gbilẹ̀ níbi tí omi kò sí. Eérú tó wà nínú ọṣẹ dúdú sì ń jẹ́ kó le ju ohun tí ọ̀pọ̀ kòkòrò lè fara dà lọ. Àwọn ìyá wa ti yan ohun tí kò nílò ìdúró náà. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i: ìpara olómi, ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi omi tú, tí wọ́n sì fi oyin àti omi ewé sí, tí wọ́n rọ sínú ìgò oníke. Ibi tí omi bá ti wọ̀ ni ìdúró ti wọ̀. Nítorí náà, bí àkókò bá kúrú ju èyí tí àyẹ̀wò fẹ́ lọ ní tòótọ́, ọ̀nà kan tó ṣí sílẹ̀ ni pé kí ilé iṣẹ́ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ pé kó gba òrí olóòórùn tí kò ní omi nínú dípò ìpara olómi.

Àwọn mìíràn á ní ẹ̀rọ ìgbàlódé ti wà tó ń sọ èsì àyẹ̀wò kòkòrò láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó wà, ilé iṣẹ́ ńlá sì ń lò ó. Ó gbówó lórí, àmọ́ bí ẹni tó lágbára rẹ̀ bá rà á, kó rà á. Ohun tó ń sọ ni bóyá ìkòkò ti òní mọ́. Kò lè sọ bí ìpara á ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nínú ooru, kò sì lè dípò ọjọ́ 28. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe ìpara tà ní Peckham, nílẹ̀ Bírítéènì, mọ irú ìdúró yìí: òfin ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n gbé ìpara sórí àtẹ láìjẹ́ pé onímọ̀ tó tóótun ti kọ ìwé ìdánilójú lórí ààbò rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí àkókò ọdún dé kó tó wá onímọ̀ náà ti pàdánù ọdún yẹn.

Oníbàárà tó ní òun á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ńkọ́? Nígbà mìíràn, á lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò fẹ́ ni ọjọ́ tó dájú, kì í ṣe ọjọ́ tó súnmọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún ní October pé 2,000 á dé ní ọjọ́ 20 November, pé 3,000 á tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 2 December, lè ṣètò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé gbogbo rẹ̀ á dé ní ọjọ́ 30, tí wọ́n wá ń fi àwáwí tì í lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà, kò lè ṣètò ohunkóhun.

Ó ku ẹni tó máa sọ pé kí ọjà jáde. ISO 22716, ìlànà àgbáyé lórí bí a ṣe ń ṣe ohun ìṣaralóge, tó jáde ní 2007, fẹ́ kí ẹ̀ka tó ń mójú tó ojúlówó ọjà dá dúró, kó má wà lábẹ́ àwọn tó ń ṣe ọjà náà. Nínú ilé iṣẹ́ elénìyàn mẹ́fà, èyí ṣòro, torí pé ẹni tó ń rò ó ló tún ń rọ ọ́ sínú ike. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́fà náà, tí owó oṣù rẹ̀ kò so mọ́ iye ike tó jáde, ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ọ̀gá pàápàá kò lè buwọ́ lù dípò rẹ̀. Kí ó mú ike díẹ̀ nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan pamọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Kí ó ní agbára láti sọ ní ọjọ́ 19 November pé àwo kan ṣì ń hu nǹkan, pé ọkọ̀ kò ní lọ lọ́la, kí wọ́n sì pe oníbàárà ní ọjọ́ yẹn gan-an láti sọ fún un.